Ẹ̀bẹ̀ Láti Gba Ìwé "Mo Jẹ̀bi" Mi Padà Lórí Ẹ̀sùn Eré Àsápajúdé

Ojúlé Kẹrìnlá,
Agbo-ilé Oyèlẹ́yẹ,
Ìwó,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Kọkànlá, Ọdún 1986.

Akọ̀wé Àgbà,
Ilé-ẹjọ́ Ẹ̀sùn Ojú Pópó,
Ìwó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸJỌ́ 217/86: MO FẸ́ YÍ Ọ̀RỌ̀ MI PADÀ, MO SÌ FẸ́ WÁ RO ẸJỌ́

1. Èmi ni Mùfútáù Àkànbí Oyèlẹ́yẹ, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ilẹ̀ wíwọ̀n ni mo kọ́ ní pólì. Ọdún méjì ni mo fi wá iṣẹ́ náà kiri. Nígbà tí kò yọjú, Àlájà Fàtímọ̀ tó ń ṣòwò iṣu lọ́jà Ìwó fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ síkàáwọ́ mi. Iṣẹ́ náà kò jìnnà sí èyí tí mo kọ́. Ilẹ̀ ni mo ṣì ń wọ̀n, táyà ni mo kàn fi ń wọ̀n ọ́n.

2. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù yìí, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fi ẹ̀sùn kàn mí pé mo wa ọkọ̀ yìí láti Ilé-Ogbó dé Ìwó ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Kìlómítà méjìlá ni ọ̀nà tí wọ́n wọ̀n. Wọ́n ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ ọgọ́fà kìlómítà ní wákàtí kan. Mi ò bá ìṣirò wọn jà. Ó pé.

3. Ọkọ̀ náà ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Onígi ni, ó sì fi ọdún kan jù mí lọ. "Sùúrù Lérè" ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ sì mọ ohun tó ń sọ. Bí a bá ń gun òkè tó wà lẹ́yìn Olúpọ̀nnà, àwọn èrò máa ń bọ́ sílẹ̀ lọ ra ọsàn, wọn a sì tún bá wa kí a tó dórí òkè. Lóṣù tó kọjá, a bá ewúrẹ́ kan tó ń sùn lójú títì. Ó lajú, ó rí wa, ó sì parí oorun rẹ̀ kó tó dìde.

4. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣe ń mú ẹni tó bá sáré nìyí. Ọ̀kan nínú wọn máa ń dúró ní ẹnu ọ̀nà Ilé-Ogbó. Òun ni yóò kọ àkókò tí awakọ̀ kọjá sórí ìwé pélébé, tí yóò sì fún awakọ̀ náà. Èkejì wà ní ẹnu ọ̀nà Ìwó. Òun ni yóò gba ìwé náà, yóò wo aago, yóò sì yọ àkókò ìṣáájú kúrò nínú ti ìkẹyìn. Ọgbọ́n náà dára púpọ̀. Kò béèrè ju aago méjì lọ. Lọ́jọ́ náà, ẹyọ kan ló wà.

5. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnkúnlé ló dúró ní Ilé-Ogbó. Aago ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ alátùn-únṣe. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo béèrè ohun tí aago wí, nítorí pé èmi náà kò ní aago. Ó ní, "Akọ̀wé, ṣé etí rẹ di ni? O ò gbọ́ ládàánì? Aago mẹ́rin ti lù." Ó kọ aago mẹ́rin géérégé sílẹ̀. N kò bá a jiyàn. Ní ẹ̀bá títì yẹn, ìrun Àsárì kì í ṣáájú aago mẹ́rin, kì í sì í pẹ́ jù ú lọ. Bí ládàánì mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà níbẹ̀ bá ti pè é, télọ̀ á gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn ọmọ ilé-kéwú á sì tú ká. Ọdún mọ́kànlélógún ni gbogbo àdúgbò ti ń fi ohùn yẹn ṣe aago, kò sì purọ́ fún wọn rí.

6. A gbéra. Ní Olúpọ̀nnà, mo dúró bu omi sínú ẹ̀rọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere, tó gbé igi ìdáná sẹ́yìn, kọjá wa, ó sì kí wa. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà Ìwó, aago ara ògiri tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́ kejì ń wí pé mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà. Mo rò pé Ọlọ́run ti dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà. Ìyá kan lẹ́yìn ní, "Àlùbáríkà rèé o!" Ẹ̀ṣọ́ náà kò rí i bí àlùbáríkà. Ó já ìwé ẹ̀sùn fún mi. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó kọjú sí igbó. Bàbá Rájí ni. Òun ni ládàánì tí mo ń sọ.

7. Eyín ló ń dun Bàbá Rájí, ó sì ti di ọjọ́ kẹrin. Ọjọ́bọ̀ nìkan ni dókítà eyín máa ń wá sí Ìwó, aago mẹ́rin ààbọ̀ ló sì máa ń lọ. Ọkọ̀ mi ni ọkọ̀ ìkẹyìn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bàbá mọ ọkọ̀ náà dáadáa. Ó mọ̀ pé bí òun bá dúró di aago mẹ́rin, dókítà á ti délé, á ti jẹun. Ó pe ìrun, ó fi èyí tó kù sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó sì wọ ọkọ̀.

8. Ẹni tó jẹ́ kí n mọ̀ ni Ṣẹ̀fíátù, ọmọ Bàbá Rájí obìnrin, ẹni tí a ti dá ọjọ́ yìgì èmi pẹ̀lú rẹ̀ sí ogúnjọ́ oṣù tó ń bọ̀. Aago ọwọ́ kan ṣoṣo tí mo ní, òun ni mo fún nígbà tí ó gbà láti fẹ́ mi. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní aago. Nígbà tí ohùn bàbá rẹ̀ dún lọ́jọ́ náà, ó wo ọwọ́. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún ló rí. Nígbà tí mo sì fi ìwé ẹ̀sùn hàn án, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ fún mi, ó sì fi kún un pé, "Bí ẹ bá mú bàbá mi lọ sílé-ẹjọ́ kí wọ́n lọ fi wọ́n ṣẹ̀sín, kí ẹ máa bọ̀ wá gba aago yín."

9. Ẹ̀yin Ọ̀gá, àpótí méjì ló wà lórí ìwé yín, "Mo jẹ̀bi" àti "N kò jẹ̀bi." Mo yí ìwé náà padà láti wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹ̀kẹta wà. Bí mo bá ní mo jẹ̀bi, ẹ ó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ mi fún oṣù mẹ́fà, Àlájà á fa ọkọ̀ lé awakọ̀ mìíràn, Fàtáì, lọ́wọ́, àwọn àgbà ilé Ṣẹ̀fíátù sì ti sọ pé àwọn kì í fi ọmọ fún ẹni tí kò níṣẹ́. Bí mo bá ní n kò jẹ̀bi, dandan ni kí n sọ pé ládàánì pe ìrun kí àkókò tó tó. Ìyẹn ni pé gbogbo ẹni tó kírun lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò tíì kírun. Ọ̀nà méjèèjì ló mú Ṣẹ̀fíátù lọ. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi rò ó. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, mo fa ìlà sí "Mo jẹ̀bi," mo sì mú un wá fún akọ̀wé yín. Mo rò pé ẹni tí kò níṣẹ́ lè ríṣẹ́ lọ́jọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tún orúkọ ládàánì ṣe.

10. Lọ́jọ́ kẹta sí i, Bàbá Rájí bá mi níbi tí mo ti ń já iṣu. Ó ti gbọ́ pé Fàtáì ló máa gba ọkọ̀. Ó béèrè ohun tí mo ṣe. Mo ní mo sáré ni. Ó wo ọkọ̀, ó wò mí. Ó ní báwo ni eré náà ti tó. Mo ní ìṣẹ́jú mẹ́fà láti Ilé-Ogbó. Bàbá jókòó sórí òkìtì iṣu. Nígbà tó yá, ó ní, "Mùfútáù, ẹ̀yìn ìwé ìwakọ̀ rẹ lo wá fi mí pamọ́ sí?"

11. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún, lẹ́yìn ìrun, Bàbá Rájí dìde láàrin àwọn èèyàn. Ó ní, "Ohùn mi ló ṣáájú àkókò. Kì í ṣe ọkọ̀ ọmọ yìí ló sáré. Ẹ forí jì mí, kí ẹ sì san ìrun Àsárì ọjọ́ náà padà." Ìyá arúgbó kan ló kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Mo wí! Mo ní òjìji mi kúrú jù fún Àsárì lọ́jọ́ náà, wọ́n ní ojú ló ń dùn mí!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde, wọ́n sì san rákà mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí Bàbá fi ìrun pípè sílẹ̀ títí di oṣù Ààwẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń pè é báyìí, ó ń wo aago rédíò. Àwọn ọmọ ilé-kéwú ṣì ń jókòó lẹ́yìn tó bá pè é tán, wọ́n ń retí ohùn tí wọ́n mọ̀.

12. Nítorí náà, mo ń bẹ̀ yín pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ pé kí ẹ fún mi ní ìwé "Mo jẹ̀bi" padà. Irọ́ ni mo kọ síbẹ̀. Bàbá ti san owó òtítọ́ tí èmi ò lè san, mi ò sì fẹ́ kó san án lásán. Ó ti gbà láti wá jẹ́rìí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá. Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ yan ẹ̀ṣọ́ kan tó ní aago, kó bá mi wọ ọkọ̀ náà láti Ilé-Ogbó. Kó mú oúnjẹ dání. Èmi ni n ó lọ gbé Bàbá lọ́jọ́ ẹjọ́. Aago mẹ́sàn-án ni ẹ pè wá, a ó sì gbéra ní kùtùkùtù. Bí a bá pẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà á sí àfojúdi. Ẹ kọ ọ́ mọ́ ẹ̀rí.

13. Ó ku ọ̀rọ̀ aago. Nígbà tí Bàbá wá tẹ̀ka sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí lánàá, ó yọ aago ọwọ́ náà látinú áńkáṣíìfù. Ó ní Ṣẹ̀fíátù ló fi rán òun. Mo béèrè ohun tó wí. Bàbá ní, "Ó ní kí n fún ọ." Mo dúró bóyá ọ̀rọ̀ ṣẹ́kù. Kò ṣẹ́kù. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rí ló fi ránṣẹ́ sí ilé-ẹjọ́, tàbí aago tó ní kí n máa bọ̀ wá gbà ló dá padà. Mi ò ní ìgboyà láti lọ béèrè. Mo dì í mọ́ lẹ́tà yìí. Mo ti fi wé ti rédíò, kò fi ìṣẹ́jú kan yẹ̀. Bí ẹjọ́ bá parí, ẹ dákun, ẹ má ṣe fún èmi. Ẹ pe Ṣẹ̀fíátù síwájú, kí ẹ na aago náà sí i. Èmi á dúró sẹ́yìn, n ó máa wo ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dópin.

Èmi ni tiyín, ẹni tí kò sáré,

Mùfútáù Àkànbí Oyèlẹ́yẹ,
Awakọ̀ Àlájà Fàtímọ̀ títí di ọjọ́ ẹjọ́.

Ẹlẹ́rìí: Rájí, ládàánì tẹ́lẹ̀ (ìtẹ̀ka rẹ̀ rèé).