Ọdẹ Méjì Nídìí Kọ̀ǹpútà

Aila, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Detroit, ṣé òtútù ibẹ̀ kò le jù? Àwa níbí ń dúpẹ́. Màmá rẹ ń kí ọ, àwọn adìyẹ ti dáwọ́ ẹyin yíyé dúró, yìnyín sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú fèrèsé. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ bí tèmi ṣe yọ̀ lórí igi tí mo ti ń ṣọ́ àgbọ̀nrín lọ́dún tó kọjá.

Ọ̀rọ̀ igbó eré ọdẹ tí o gbé sínú kọ̀ǹpútà fún mi ni mo fi ń kọ̀wé yìí. O mọ̀ pé láti ìgbà tí dókítà ti ní mi ò gbọdọ̀ wọ igbó mọ́ nítorí ẹsẹ̀ náà, ògiri ni mo máa ń kọjú sí láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí ọjọ́ tí ìjọba ní kí àwọn ọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ igbó pé, mo wọ ẹ̀wù ọdẹ aláwọ̀ ọsàn mi, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà ní kùtùkùtù. Mo ní kí màmá rẹ má dín ẹran ẹlẹ́dẹ̀, kí àgbọ̀nrín má baà gbóòórùn ilé. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé igbó ni mo wà, kí n má wá oúnjẹ wá sí kíṣìnì, ló bá wé búrẹ́dì sínú bébà fún mi. Mo ti gba ìwé àṣẹ ọdẹ pẹ̀lú, ẹran kan péré ló gbà. Ọmọbìnrin tó ń tà á ní kò kan ti kọ̀ǹpútà, mo ní kò síbi tójú ìjọba kò tó.

Nígbà tó ṣe, àgbọ̀nrín kan yọ. Mo tẹ nǹkan tí ẹ̀ ń pè ní eku, tó jẹ́ òun gan-an ni ìbọn, mi ò bà á, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ mi ilé, torí mo ti yí ohùn rẹ̀ dé òpin nítorí etí mi. Kò pẹ́ ni ilẹ̀kùn là gbàà. Waino aládùúgbò wa ni. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí èmi àti ẹ̀ ò ti kí ara wa, nítorí àgbọ̀nrín kan tí ọta àwa méjèèjì jọ bà, tí kálukú ní tòun ni, títí olùṣọ́ igbó fi gbé e lọ. Sálúbàtà inú ilé ló fi sáré la yìnyín já. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní òun gbọ́ ìbọn, òun rò pé bóyá nítorí ẹsẹ̀ yẹn mo ti fi ọwọ́ ara mi, kò parí ẹ̀. Búrẹ́dì wà lẹ́nu mi, mo nawọ́ sí kọ̀ǹpútà.

Ìgbà tó wo kọ̀ǹpútà, ó ní ọ̀dẹ̀ ni mí, èmi kì í ṣe ọdẹ, pé ẹ̀yìn mi ni atẹ́gùn ti ń fẹ́, ẹran wo ni ò ní gbóòórùn mi. Mo ní tó bá mọ̀ ọ́n jù mí lọ, kó jókòó. Ló bá jókòó. Màmá rẹ gbé kọfí fún un, ó padà sí kíṣìnì, mo gbọ́ tó ń fọn imú.

A jókòó títí di ọ̀sán, ni akọ ńlá kan bá jáde láàárín igi, ó dúró gbagidi. Mo ti eku sọ́dọ̀ Waino. Ó ní rárá, tèmi ni, èmi ni mo ní ìwé àṣẹ. Mo ní àlejò ló ń kọ́kọ́ yìn ín. Ó tì í padà, èmi náà tì í padà, àgbọ̀nrín wò wá títí, ó rọra bá tirẹ̀ lọ. Waino wò ó títí ìrù rẹ̀ fi wọ igbó. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sálúbàtà tó ti rin gbingbin, ó ní kí màmá rẹ bá òun sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.

Ojoojúmọ́ ló ń wá báyìí. Nítorí náà, bí apá rẹ bá ká a, fi owó ránṣẹ́ kí n fi ra àga mìíràn, torí èyí tó ń jókòó lé máa ń dún, ó sì ń lé ẹran. Bá wa bi àwọn tó ṣe igbó náà bóyá yìnyín máa ń bọ́ níbẹ̀, ká lè mọ bàtà tí a ó wọ̀.

Ọmọ tó gbé igbó wá bá bàbá rẹ̀ nílé, ire kò ní jìnnà sí i. Ilẹ̀ ibẹ̀ yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, àárọ̀ rẹ á dára, alẹ́ rẹ á sàn ju àárọ̀ lọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Reino