Ìjàpá Kékeré Tó Kọ Oúnjẹ

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Mo kí Bàámi, Màámi, ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ara mi ti le, ikọ́ yẹn ti lọ.

Ìyá onílé mi ra ìjàpá kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Mo bá wọn ṣe ilé rẹ̀: àpótí fífẹ̀ tó ní iyẹ̀pẹ̀, abọ́ omi pẹlẹbẹ àti gílóòbù tó ń mú un móoru. Àmọ́ bó ṣe wọbẹ̀ ló kó orí sínú, kò jẹun. Ẹ̀rù bà mí pé ó máa kú. Ẹ sì mọ̀ pé wọn ò kọ́ wa láti fi àlejò sílẹ̀ lóun nìkan. Mo ń gbé e sókè, mo ń kí i, mo ń fi ewé sí i lẹ́nu.

Ìyá onílé bú sẹ́rìn-ín. "Akẹ́kọ̀ọ́, ṣé o fẹ́ fi ìkíni pa á ni? Fi í lọ́rùn sílẹ̀!"

Mo lọ jókòó sí kọ̀rọ̀, mi ò mira. Ẹ̀gbọ́n mi, ó yọ orí! Ó rìn yí ilé rẹ̀ ká bí ẹni tó ń wọn ilẹ̀, ó wá gé ewé jẹ. Ẹnu bíńtín yẹn, mo gbọ́ ìró rẹ̀ ketekete. Ṣe ni mo la ẹnu sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Bàámi kí wọ́n má tíì wá mú mi padà sílé bí wọ́n ṣe ní àwọn máa ṣe. Lóòótọ́, mi ò tíì lọ́rẹ̀ẹ́ níléèwé tuntun yìí. Àmọ́ lánàá, mo kúrò níjòkòó ẹ̀yìn ní kíláàsì, mo bọ́ sí àárín.

Kí Olúwa mú kí ilé yín tutù.

Èmi àbúrò yín.