Orín Inú Ife

Bàbá mi,

Ẹ má ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi wa mọ́ o! Bí Àlàájì tó fẹ́ rà á bá dé láti Kwali, ẹ fún un lómi mu, kí ẹ sì ní kó máa lọ sílé.

Ẹ́ńjìnnì yẹn ò kú. Kábúrétọ̀ rẹ̀ ló dọ̀tí. Bẹntiróòlù tí a fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ láti ìgbà òjò ti dì bí oje igi, ó sì ti dí ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá. Ẹ ti kìlọ̀ pé kí n má ki wáyà bọ ihò náà kó má baà fẹ̀, n ò sì ki wáyà bọ̀ ọ́. Nǹkan tó rọ̀ ni mo fi fọ̀ ọ́, mo wá fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí.

Nígbà tí mo tò ó padà tán, mo ki ìdí ẹ́ńjìnnì bọ dúrọ́ọ̀mù omi lẹ́yìnkùlé, mo fa okùn, ó sì bú ramúramù! Kai! Ìyá Bùkúnmi ará ilé kejì sáré jáde tòun ti ọṣẹ lójú. Ẹ́ńjìnnì ń bú níta, ẹ̀yin náà ń hanrun nínú ilé, n ò mọ èyí tó ròkè jù.

Mo ti ń gbé e lọ sétí odò, torí àwọn olóko ń dúró kí n gbé wọn sọdá. Ẹ má fi omi dúrọ́ọ̀mù wẹ̀, ó ti ń rùn.

Nǹkan tó rọ̀ tí mo fi fọ kábúrétọ̀ yẹn, orín yín tó wà nínú ife ni. Bí ẹ bá ti fi fọ ẹnu kí ẹ tó rí ìwé yìí, ẹ má bínú. Ẹ ṣáà má sún mọ́ iná.

Èyítáyọ̀