Igi Ìwọ́ Rẹ Tí Mo Rà Ní Ìlọrin

Ìṣòlò-Ọ̀pín,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Agẹmọ, 1995.

Ọmọ́níkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnáwó Kàdúná, ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run tí a ń sìn nílé, kó máa bá ọ jáde, kó máa bá ọ wọlé. Àlàáfíà ni a wà, eékún ìyá rẹ ti ń gbọ́ oògùn. Ohun tó gba ìwé kíkọ ni pé ìjì wó igi orógbó ẹ̀yìnkùlé, èyí tí mo sin ìwọ́ rẹ sí nídìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbin hóró orógbó síbẹ̀, kò hù, o ṣáà mọ̀ pé igi yẹn lágídí.

Ni Tíṣà Susanna, ará ilé kejì wa, bá ní wọ́n fẹ́ ta igi ìbílẹ̀ ní ọgbà igi kan ní Ìlọrin. Ó yà mí lẹ́nu, ta ló ń fowó ra igi ìbílẹ̀? Mo lọ wò ó. Ewúro ni mo kọ́kọ́ rí, nínú ọ̀rá dúdú, wọ́n kọ iye owó sí i lára! Ewúro téèyàn ń já lẹ́yìn ilé aládùúgbò, kó kí i, kó máa lọ! Àánú àwọn tó ń rà á ṣe mí. Èèyàn kì í sì í lọ sóko olóko lọ́wọ́ òfìfo, mo ti gé igi ewúro mẹ́wàá dání, ni mo bá pín in fún àwọn tó tò, mo ní kí wọ́n kàn tì í bọlẹ̀, yóò hù. Ọ̀gá ibẹ̀ kò rẹ́rìn-ín o.

Igi kọ̀ọ̀kan ló ní páálí kékeré lọ́rùn, orúkọ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan Yorùbá, ọ̀kan èdè tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Mo ní háà, wọ́n ti ṣe ìsàmì fún wọn nìyẹn. Mo bi Badirat, ọmọbìnrin tó ń tà á, pé àlùfáà wo ló ṣe é, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Orógbó ku ẹyọ kan péré! Mo sanwó rẹ̀, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè orúkọ, mo kọ Ọmọ́níkẹ́ Lábọ̀dé. Wọ́n béèrè ọjọ́, mo kọ ọjọ́ tí a bí ọ. Níbi tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí, mo kọ bàbá ìsàmì. Mo mọ̀ pé èèyàn kì í ṣe bàbá ìsàmì ọmọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ẹlòmíràn nítòsí.

Badirat ní kò gbọdọ̀ pẹ́ nínú ọ̀rá ju òjò ọdún yìí lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbòǹgbò rẹ̀ yóò máa yí po títí yóò fi fún ara rẹ̀ pa.

Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi báyìí. Láràárọ̀ ni ìyá rẹ ń kí i pé Ọmọ́níkẹ́, ṣé o jí ire. Ìyàwó Ògúnmọ́lá gbọ́ ọ láti ọ̀nà, ó rò pé o ti dé, ó gbé iṣu wá kí ọ. Jọ̀wọ́, fi owó wáyà tí a ó fi sọgbà yí i ká ránṣẹ́, ewúrẹ́ wọn fẹ́ jẹ ọ́.

Ṣùgbọ́n n kò ní gbìn ín fúnra mi. Nílé wa, bí ọmọ bá ti dàgbà, òun ló ń bu iyẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ sí ìdí igi ìwọ́ rẹ̀. Kérésì mẹ́rin ti lọ tí a kò rí ọ. N kò bínú, ọ̀nà jìn, iṣẹ́ ìjọba kì í jẹ́ kéèyàn mí. Àárò rẹ ń sọ wá ni. Lánàá, mo rí i pé gbòǹgbò kan ti lu ọ̀rá jáde, mo mú ọ̀bẹ láti là á, mo tún gbé e sílẹ̀, mo ní kí n kọ̀wé sí ọ ná.

Kí Ọlọ́run mú ẹsẹ̀ rẹ délé kí òjò tó dá.

Bàbá rẹ,
Ìbítóyè Lábọ̀dé