Tákàdá Tí Mo So Sórí Ìsun

Ọjọ́ Ajé, 14 Jánúárì, 1861

Omi tún kan lónìí. Títí ìyàwó mi bu ú sínú igbá, ó gbé e síwájú mi. Mo tọ́ ọ wò. Òórùn gbágùúdá rírẹ, ìfófòó lójú rẹ̀. Ìsun kan ṣoṣo tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn ní abà yìí, inú rẹ̀ náà ni Ìyá Ìyàndá rí tó ń rẹ gbágùúdá láfún sí. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà! Mo ti bá a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní òun ti ń rẹ gbágùúdá níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ìyá Kíkan ni màá máa pè é nínú ìwé yìí, n kò sì ní pọ́n ọn lé níhìn-ín. Ìdọ̀bálẹ̀ tí mò ń dọ̀bálẹ̀ fún un níta ti tó.

Ta ló rán mi níṣẹ́? Kò sẹ́ni. Àwọn Òyìnbó ìjọ ní Ìbàdàn ní kí n máa kọ́ ọmọ mẹ́jọ ní a, b, d. Wọn ò dárúkọ omi. Ṣùgbọ́n bí ìsun bá bàjẹ́, odò ìsàlẹ̀ ló kù, lójú ọ̀nà Erunmu, níbi tí àwọn ajínigbé ń lúgọ sí láti ìgbà tí ogun Ìjàyè ti bẹ̀rẹ̀. Títí lóyún oṣù méje. N kò fẹ́ kó gba ọ̀nà yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 17 Jánúárì

Mo lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní ọ̀rọ̀ gidi ni, ó dọ̀la. Mo lọ lánàá — ó dọ̀la. Mo lọ lónìí. Ó-Dọ̀la ni màá máa pe àwọn náà.

Àbámẹ́ta, 19 Jánúárì

Ìpàdé jókòó, lábẹ́ igi ọdán. Ọpẹ́ ni. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi láti òru: omi tí gbogbo wa ń mu, aboyún, ọmọdé, ọ̀nà odò. Baba Sàníù, àgbà àwọn Mùsùlùmí, mi orí títí. Wọ́n ní àlùwàlá gan-an kò dùn-ún ṣe mọ́ pẹ̀lú omi tó ń rùn, àwọn wà lẹ́yìn mi, ínṣà Àlà. Inú mi dùn. N kò tíì jókòó tán tí ẹnìkan fi ní ewúrẹ́ ilé ìsàlẹ̀ jẹ ebè iṣu òun. Ó parí. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ la sọ títí oòrùn fi wọ̀.

Ibi tí wọ́n fẹnu ọ̀rọ̀ omi jóná sí: kí wọ́n bẹ Ìyá Kíkan. Ta ni yóò bẹ̀ ẹ́? Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ wo? Kálukú ti kó tirẹ̀ sẹ́yìn.

Àìkú, 20 Jánúárì

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó fi mí sílẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀, ó lọ yí gbágùúdá rẹ̀ padà.

Ọjọ́rú, 23 Jánúárì

Mo tún lọ. Lónìí ó dá mi lóhùn. Ó ní, “Àwọn ológun ti wú gbogbo iṣu oko mi lọ. Gbágùúdá ló kù. Ìyàndá wà níbùdó ogun níwájú Ìjàyè, láfún tí mo bá fi ránṣẹ́ ló ń jẹ. Ṣé kó máa jẹ ìwé rẹ ni, Tíṣà?” Mo ní omi ni mò ń sọ. Ó ní ọmọ lòun ń sọ. Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Mo bínú kúrò níbẹ̀.

Mo délé, mo mú tákàdá kan tó nípọn, mo kọ ọ́ gàdàgbà: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ RẸ GBÁGÙÚDÁ SÍHÌN-ÍN. OMI MÍMU NI. Mo fi òwú so ó mọ́ ẹ̀ka igi lórí ìsun, mo sì so ìkarahun ìgbín kan mọ́ ìdí rẹ̀ kí ọyẹ́ má gbé e lọ. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè kà á. Àwọn ọmọ ilé-ìwé mi yóò kà á fún ìyá wọn. (Wọn ò tíì kọjá lẹ́tà g. Mo mọ ìyẹn náà. Mo ti bínú.)

Ẹtì, 25 Jánúárì

Kò sẹ́ni tó rẹ gbágùúdá tuntun! Ọjọ́ méjì gbáko! Mo fò sókè bí ọmọdé. Agbára ìwé nìyẹn!

Ọjọ́ Ajé, 28 Jánúárì

Òmùgọ̀ ni mí.

Kò sẹ́ni tó rẹ gbágùúdá, lóòótọ́. Kò sì sẹ́ni tó pọn omi. Títí ló là mí lójú, ó rọra béèrè pé, “Ọkọ mi, òwú wo lẹ fi so ó?” Mo ní èyí tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ ìránṣọ rẹ ni. Ó ní, “Òwú pupa. Pẹ̀lú ìkarahun ìgbín.” Ó kàn ń wò mí. Àalè! Mo pa àalè sórí omi gbogbo abà! Ọmọ tí kò ì pé ọdún márùn-ún mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá so báyìí sí, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án yóò rí ìjà àalè. Èmi nìkan ni ilé Òyìnbó ti mú kó gbàgbé ẹ̀.

Baba Sàníù bá mi wí lójú ọ̀nà. “Tíṣà, o ò bá ti sọ fún wa kó o tó pa á, ká kọ́kọ́ pọn omi pamọ́.” Ìyá Kíkan pàápàá ò lè lọ kó apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gbágùúdá ti ń jẹrà síbẹ̀, omi ti ń dúdú. Odò ìsàlẹ̀ ni gbogbo obìnrin ń lọ.

Ìṣẹ́gun, 29 Jánúárì

Mo ṣàlàyé láti ojúlé dé ojúlé. Mo ní ọ̀rọ̀ lásán ló wà lórí ẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń bẹ̀rù. Mo tú u kúrò lójú wọn — ó tún burú sí i. Wọ́n ní àalè tí a kàn já láìtù ú kì í gbàgbé ibi tó wà. Ó-Dọ̀la ní àwọn máa rò ó. Ó dọ̀la.

Ó ku ohun kan. Màá mu omi náà lójú gbogbo wọn.

Ẹtì, 1 Fébúárì

Gbogbo abà pé, kò sẹ́ni tó pẹ́! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láti ìgbà tí mo ti dé ibí. Mo bu igbá kan kún, mo gbé e mu títí dé ìsàlẹ̀. Ó kan, ó korò. Mo rẹ́rìn-ín, mo na ọwọ́ méjèèjì. Ẹ wò mí! Wọ́n ń wò mí.

Àbámẹ́ta, 2 Fébúárì

Inú.

Ọjọ́rú, 6 Fébúárì

Lónìí ni mo tó lè jókòó. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, ọjọ́ mẹ́ta. Gbágùúdá jíjẹrà ni, ọmọdé mọ̀ ọ́n. Mo sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wá kí mi, ohùn mi ò tó nǹkan. Baálẹ̀ mi orí. “Ìwọ tó o pa á, ó gbá ọ mú. Àwa tí a ò mọ̀dí ẹ̀ wá ńkọ́?” Wọ́n lọ.

Títí ti lọ sódò lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo dùbúlẹ̀. Kò sọ fún mi. Mo rí ẹrẹ̀ pupa lẹ́sẹ̀ ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 7 Fébúárì

Àwọn ajínigbé jáde sí àwọn obìnrin lódò láàárọ̀ yìí. Ọkùnrin mẹ́rin. Wọ́n di Mùjíbátù mú, ọmọ Baba Sàníù, tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù dẹ̀dẹ̀. Ó já mọ́ wọn lọ́wọ́, ó fi ìró sílẹ̀ fún wọn, ó sáré wọlé ní ìhòòhò, ẹ̀jẹ̀ lórúnkún. Kò tíì yọjú síta di ìsinsìnyí.

Mo lọ bá bàbá rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n ní, “Ọlọ́run ló kó o yọ,” wọ́n sì wọlé lọ. Tákàdá mi ló lé ọmọ yẹn lọ sódò. Lọ́la, gbogbo wọn yóò tún lọ, torí òǹgbẹ ò mọ ajínigbé. Títí náà yóò lọ. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ẹtì, 8 Fébúárì

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ilẹ̀ mọ́, Ìyá Ìyàndá ń ké sí gbogbo wa sí ìsun. Ìyá ti wẹ̀, wọ́n ró aṣọ funfun. Wọ́n gbé apò láfún kan fún Baálẹ̀, wọ́n ní kí Baálẹ̀ bá àwọn fi ránṣẹ́ sí Ìyàndá bí ẹnikẹ́ni bá ń lọ sójú ogun, kí wọ́n má sì sọ nǹkan kan fún un títí ogun yóò fi tán. Wọ́n wá kọjú sí wa.

“Àalè kì í mú aláìṣẹ̀. Èmi ni mo ba omi jẹ́. Èmi ló ń wá. Bó bá ti rí mi mú, yóò fi àwọn ọmọ yìí sílẹ̀.”

Mo sáré síwájú. Mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Ìyá, mo fi Ọlọ́run búra. Wọ́n ní, “Dákẹ́, Tíṣà. O ti ṣe tìrẹ.”

Wọ́n wọ inú omi. Wọ́n wọ́ apẹ̀rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọ́n omi dúdú náà dànù títí yanrìn fi yọ. Kò sẹ́ni tó lọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Èmi gan-an dúró síbẹ̀, mi ò mọ ìdí. Wọ́n jókòó dúró títí omi tuntun fi sun. Wọ́n fi ọwọ́ bù ú, wọ́n mu. Wọ́n lọ sílé, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n dùbúlẹ̀ láti kú.

Èmi mu omi yẹn nítorí mo mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo sì tún ń pe ìyẹn ní ìgboyà.

Àbámẹ́ta, 9 Fébúárì

Mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà wọn kí àkùkọ tó kọ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Mo gbọ́ ìró ọ̀bẹ. Wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n ń bó gbágùúdá, ara wọn le koko. Nígbà tí mo fi sáré dé ìsun, ìròyìn ti ṣáájú mi: Títí ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò, àti obìnrin bíi mẹ́wàá. Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń jà sí ipò. Mùjíbátù wà láàárín wọn.

Mo padà sẹ́nu ọ̀nà Ìyá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní ẹ ṣé, Ìyá. Wọn ò gba ọpẹ́, wọn ò dáwọ́ dúró.

“Ó dáa, Tíṣà,” ni wọ́n wí. “Mi ò ní rẹ ẹ́ síbẹ̀ mọ́. Níbo ni kí n wá máa rẹ ẹ́ sí?”

Oṣù kan ó lé ni mo ti ń bá obìnrin yìí fà á. Mo bẹ̀ wọ́n, mo pe ìpàdé lé wọn lórí, mo kọ ìwé gàdàgbà. N kò bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀kan. Mo dìde, mo gbọn erùpẹ̀ láyà mi, mo la ẹnu. Wọ́n ti gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n ń wojú mi.