Àpótí Irin tí A Gbé sórí Pẹpẹ

Abúlé Akínjọ,
Lẹ́bàá Ìrókò.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kejì, 1964.

Akínwándé, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ ní orúkọ Ẹni tí ó fi omi pamọ́ sí abẹ́ ilẹ̀ fún wa. Mo gbà á ládùúrà pé ìwé yìí yóò bá ọ nínú ìlera ní Èkó, àti pé ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì ṣì ń fi ojú àánú wò ọ́. Ara ìyá rẹ le. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń jẹun.

Ọmọ mi, ojú mi ti rí iṣẹ́ Ọlọ́run. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú gbẹ́ kànga fún wa lọ́dún tó kọjá, èyí tí o kò tíì wálé wá wò, wọ́n fi sìmẹ́ńtì bò ó, wọ́n sì ri pọ́ǹpù mọ́ ọn. Bí a bá tẹ apá irin rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, omi tó mọ́ gaara a tú jáde. Láràárọ̀ ni mo ń ṣí fìlà fún un. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n gbé àpótí irin kékeré kan lé mi lọ́wọ́, ògbufọ̀ wọn sì ní àpótí yẹn ni kò ní jẹ́ kí omi wa dáwọ́ dúró láé. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà bà mí. N kò ṣí i. Mo fi aṣọ funfun wé e, mo gbé e sórí pẹpẹ ní ilé ìjọsìn.

Ní oṣù tó kọjá, pọ́ǹpù dákẹ́. A tẹ̀ ẹ́ títí, èémí lásán ni ó ń mí. Mo kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, a yí àpótí ká, a ń kọrin. Àwọn obìnrin tún ti ń gbé ìkòkò lọ sí odò, odò tí Hàjàrá, ìyàwó Lìádì aládùúgbò wa, ti kó sobìà tí ó dá a jókòó sílé fún oṣù mẹ́rin. Ọmọ rẹ̀, Mùsílímátù, ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, Hàjàrá sì ti búra pé ọmọ òun kò ní mu omi odò náà.

Ní ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ náà, Hàjàrá tiro wá bá wa ní ilé ìjọsìn, ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́ gbé àpótí náà fún òun. Mo ní ohun mímọ́ ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ṣùgbọ́n sípánà wà nínú rẹ̀. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni àwọn aláàánú fi kọ́ òun àti obìnrin kejì, Ọmọ́ṣọlá, bí a ti ń tún pọ́ǹpù ṣe, nígbà tí àwa ọkùnrin ń to ara wa láti ya fọ́tò. Ó ní kí a máa bá àdúrà wa lọ, òun ń bọ̀.

N kò mọ ìgbà tí mo gbé e fún un. Awọ róbótó kan ni ó ti gbó nínú pọ́ǹpù. Ó yọ ọ́, ó sì fi tuntun sí i láti inú àpótí. A kò tíì kọ orin ìkẹyìn tán tí a fi gbọ́ ìró omi nínú garawa. Mo sunkún. Mo rántí obìnrin ìgbàanì inú Bíbélì tí ó jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú Hàjàrá, tí Ọlọ́run là lójú nínú aginjù tí ó fi rí kànga. Mùsílímátù ni a kọ́kọ́ bu omi fún. Ó mu ife kan, ó tún na ife náà sí wa.

Ní báyìí, Hàjàrá ń kọ́ àwa àgbà ìjọ bí a ti ń tún pọ́ǹpù ṣe ní ọjọ́ Sátidé. Ó ní ọwọ́ mi dára, ojú mi ni kò dára. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sọ nọ́ọ̀tù nù, irin kékeré tí a ń fi sípánà dè mọ́ pọ́ǹpù, ó sì ní kí n lọ jókòó. Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra awò ojú. Má rò pé Bíbélì ni mo fẹ́ fi kà, mo ti há a sórí, nọ́ọ̀tù ni mo fẹ́ fi rí.

Kí Ọlọ́run fi ẹni tí yóò ṣí ohun tí ó bá sé mọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ, kí ó sì fún ọ ní ọgbọ́n láti yà lọ́nà fún un. Àmín.

Èmi ni bàbá tí ó bí ọ,
Lazarus Ọlájídé.