Bọ́ọ̀sì Aago Mẹ́wàá Tó Ń Lọ sí Berwick

Ọjọ́rú, 18 oṣù Kẹsàn-án, 2024

Ó ku ọjọ́ méjìlá kí wọ́n fi kún owó ọtí. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn nínú bọ́ọ̀sì lónìí. Ìjọba Scotland ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta ìwọ̀n ọtí kan ní iye tó bá rẹlẹ̀ sí márùndínláàádọ́rin pẹ́nsì mọ́. Àádọ́ta ni tẹ́lẹ̀. Ní England, tí kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ sí wa, kò sí òfin bẹ́ẹ̀. Bí ẹni ń ta omi ni wọ́n ń ta ọtí ápù níbẹ̀.

Èmi ni mò ń wa bọ́ọ̀sì náà. Eyemouth sí Berwick, Berwick sí Eyemouth, ọdún kọkàndínlógún rèé. Mo mọ ẹni tó ń lọ bá oníṣègùn eyín, mo mọ ẹni tó ń lọ ra ọtí. Àpò ti àwọn tọ̀hún á fẹ́lẹ́ ní àlọ, á máa dún ní àbọ̀.

Dod, ọmọ mi ọkùnrin, wà lára wọn. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Àná la lọ rí dókítà. Ó ní ẹ̀dọ̀ Dod ti ń le gbagidi, pé bó bá ń mu ún báyìí, òun ò lè fi ọdún tó ń bọ̀ dá a lójú. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé wa síta. Ó ní kó máa dín ọtí kù díẹ̀díẹ̀, kó má ṣe dá a dúró lójijì, nítorí gìrì lè mú un, gìrì sì lè pa á. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́. Nígbà kejì, èmi ló ń wò lójú.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù Kẹsàn-án

Olùkọ́ pè. Elspeth ni, àkọ́bí mi. Láti ọmọ ọdún méje ló ti ń tún owó tí mo bá ṣírò ṣírò — ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Edinburgh ló wà báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún òfin owó ọtí yìí. Wọ́n ń pè é sí rédíò.

Ó ní, “Dádì, àwọn tí ọtí ń pa kò pọ̀ tó iye tí ì bá jẹ́ ká ní kò sí òfin náà.”

“Iye tí ì bá jẹ́.” Gbogbo ìgbà ló ń sọ ọ́. Mo bi í pé, Dod ńkọ́? Ó ní òfin náà kò tilẹ̀ wà fún irú Dod. Ó wà fún àwọn tí kò tíì dà bíi Dod.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N ò mọ ohun tí mo ń dúpẹ́ fún.

Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù Kẹsàn-án

Àwọn méjèèjì wá jẹun. Mo se ẹran lílọ̀ àti ànàmọ́ gígún bí ìyá wọn ṣe máa ń sè é — Jess ti kú lọ́dún mẹ́fà, n ò tíì rí adùn tirẹ̀ mú. Dod wẹ̀ wá. Ó fá irùngbọ̀n, ó sì fi abẹ gé àgbọ̀n.

Kò tíì jókòó tó ti bẹ̀rẹ̀. “Ìyá Ìjọba dé! Ṣé ẹ ti fowó kún tíì náà?”

“Tíì kì í ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, Dod.”

“Ẹ̀dọ̀ ta ni? Ẹ̀dọ̀ mi ni. Ṣé ó bá ẹ tan ni?”

“Ó bá mi tan.”

Dod kọ́kọ́ wò ó lójú. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ó gbé fọ́ọ̀kì, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ànàmọ́ sì dà sórí aṣọ tábìlì Jess. Èmi wo fèrèsé. Elspeth wo àwo rẹ̀. Dod ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a jọ bí ọmọdé.

Nígbà tí Dod ń lọ, ó bá Elspeth sọ̀rọ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ó ní wáìnì tí wọ́n ń mu ní Edinburgh, pẹ́nsì kan ò kún un. “Àwa tálákà nìkan lẹ ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́.” Mo retí kí Olùkọ́ mú ìṣirò jáde. Kò mú nǹkan kan jáde.

Ọjọ́rú, 25 oṣù Kẹsàn-án

Òjò. Dod ò gbé fóònù.

Ọjọ́ Ajé, 30 oṣù Kẹsàn-án

Ọjọ́ òfin.

Aago mẹ́wàá, ọkọ̀ kún bí ẹni pé wọ́n ń lọ wo bọ́ọ̀lù. Nichol Aitchison dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù ọtí rẹ̀, ó káwọ́ gbera, ó ń wo àwọn oníbàárà rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọlé sọ́dọ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbohùngbohùn ni mò ń pe Aitchison nínú ọkàn mi. Kò sí ìpàdé tí kì í ti í sọ̀rọ̀ lòdì sí òfin yìí. Ṣùgbọ́n lónìí kò sọ̀rọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Bella Windram, tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé Dod, fa kẹ̀kẹ́ ìrajà rẹ̀ gòkè. “Wat, ọmọ mi, wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ o. Ìrìn àjò mímọ́ là ń lọ.” Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí a kọjá pátákó ààlà, ẹnì kan pàtẹ́wọ́.

Dod ló wọlé gbẹ̀yìn. Ó na owó sí mi, kò wojú mi. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi tẹ tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Àlọ àti àbọ̀.

Mo gbọ́ àpò rẹ̀ nígbà tí a ń bọ̀. Ní gbogbo kọ́nà ni mo ń gbọ́ ọ.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù Kẹwàá

Elspeth bi mí bóyá àwọn èèyàn ń kọjá ààlà lọ ra ọtí. Mo ní n ò rí irú ẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ lófìfo, mo ní.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù Kẹwàá

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo gbé Dod láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ẹ̀pà tó ti pẹ́ — rárá, kì í ṣe pípọ́n, ó ti di yẹ́lò. Ní àbọ̀, ó bì sínú fìlà rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ká fìlà náà pọ̀, ó fi sápò, ó jókòó jẹ́jẹ́ bí ọmọ tí olùkọ́ bá wí. Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ kúrò nítòsí rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà ń sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ̀ sí mi létí: “Kò yẹ kí ẹ̀yin awakọ̀ máa gbé irú wọn.” Kò mọ̀ pé èmi ni mo bí i.

Mo ní, “Ẹ má bínú, mà.”

Mo tọrọ àforíjì nítorí ọmọ mi lọ́wọ́ ẹni tí n ò mọ̀ rí. Láti ìgbà tí mo ti délé ni mo ti ń rò ó. Ìjọba ṣòfin, Elspeth jà fún un títí ó fi dúró, Gbohùngbohùn ń bú u. Èmi ni mò ń gbé ọmọ lọ sí ibi tí ọtí gbé pọ́ọ́kú, mo sì ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù Kẹwàá

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọkọ̀ aago mẹ́wàá. Èèyàn méjì ló wà nínú rẹ̀, fóònù ni wọ́n ń wò. Dod nìkan ló wà ní ibùdókọ̀ létí èbúté. Ó na ọwọ́ bí èèyàn ṣe ń nà án dá bọ́ọ̀sì dúró. Mo rí i láti òkèèrè. Ẹsẹ̀ mi kò tẹ bíréèkì.

Mo kọjá.

Ọkọ̀ aago méjìlá, èmi náà ni. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ló jókòó sí, ó di ògiri mú dìde, ó tún na ọwọ́. Lọ́tẹ̀ yìí ojú wa ṣe mẹ́rin. Mo wo iwájú bí ẹni pé títì ń bá mi sọ̀rọ̀.

Owó ọwọ́ rẹ̀ kò lè ra nǹkan gidi ní ṣọ́ọ̀bù Aitchison mọ́. Mo mọ̀. Mo ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Mo ní á ní díẹ̀ tó ṣẹ́ kù nílé. Mo rántí nọ́ọ̀sì, mo sì tún wí fún ara mi pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù Kẹwàá

Ọjọ́ ìsinmi mi. N ò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí mo bá rí i, màá fún un lówó, mo mọ ara mi. Kò pè. Inú mi dùn — kí n má purọ́ nínú ìwé ara mi. Mo rò pé ọtí ti ń bọ́ lára rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù Kẹwàá

Bella gbọ́ bí Dod ṣe ṣubú lókè orí rẹ̀. Gìrì mú un lẹ́ẹ̀mejì kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó dé. Ètè rẹ̀ dúdú. Ó ti jẹ ahọ́n ara rẹ̀. Kò sí ìgò kankan nínú ilé tí ọtí ṣẹ́ kù sí. Gbogbo rẹ̀ ló ṣófo, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí à ń da ilẹ̀ sí, ó ti fi omi ṣan wọ́n, ó ti mu omi tó fi ṣan wọ́n.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù Kẹwàá

Ó wà láàyè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 oṣù Kẹwàá

Ó lajú dáadáa lónìí. Ó lá ọbẹ̀ díẹ̀. Elspeth ti wà ní ilé ìwòsàn láti alẹ́ Àbámẹ́ta, aṣọ kan náà ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Ó bi í pé, “Dod, kí ló dé tóo dá a dúró lójijì? Ṣebí wọ́n kìlọ̀ fún ẹ.”

Dod wò mí. Ó pẹ́ tó fi wò mí. Ahọ́n rẹ̀ ṣì wú, ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, “Ó ti wọ́n jù. N ò lówó ẹ̀.”

“Berwick ńkọ́?”

“Ara mi ò le. N ò lè dé ibi ọkọ̀.”

Ojú Elspeth funfun bí bẹ́ẹ̀dì tí Dod dùbúlẹ̀ lé. Èmi wà níbẹ̀. Mo mú ife omi, mo ní kó mu.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù Kẹwàá

Aitchison wọ bọ́ọ̀sì. Kì í wọ̀ ọ́ rí. Ó ní, “Wat, ọ̀rọ̀ Dod dùn mí. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré.” Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó dùn ún lóòótọ́, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Ó ní òfin yẹn ló gbé e ṣánlẹ̀, gbogbo ìlú ló ń sọ ọ́. Òun máa sọ ọ́ níbi ìjiyàn kan lórí rédíò ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. “N ò ní dárúkọ, má mikàn.”

Mo bi í pé ta ló fẹ́ bá jiyàn.

Ó ní, “Elspeth rẹ ni. Kò tíì sọ fún ẹ?”

Ọjọ́ Àìkú, 20 oṣù Kẹwàá

Elspeth sùn sílé. Sùn kọ́, ó dùbúlẹ̀. Láàárọ̀ ó jókòó sí kíṣìnnì, ó ní òun máa fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n ń to iye náà, wọ́n mọ̀ pé irú Dod á wà. Ìlà kan ni wọ́n kọ fún wọn lórí ìwé. “Èmi ni mo kọ ìlà náà, Dádì. Àbúrò mi ni mo kọ síbẹ̀.”

Mo ti la ẹnu kí n tó mọ̀. Mo sọ ọ́ fún un. Gbogbo rẹ̀.

“Ẹ̀ẹ̀mejì?”

“Ẹ̀ẹ̀mejì.”

“Ó nawọ́?”

“Ó nawọ́.”

“Ó rí i pé ẹ̀yin ni?”

Mo ní ó rí mi.

Ó dìde. Ó ń fọ àwọn ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó pẹ́. Mo ń retí kó bú mi. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìyẹn. Ó bèèrè láìyíjú padà pé ta ló tún mọ̀. Mo ní Dod nìkan. Ó ní kí n má sọ fún ẹlòmíràn mọ́. Wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ náà lè dé kóòtù.

Mo ní, “Aitchison ńkọ́?”

“Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́.” Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àwíjàre jọ, bó ṣe máa ń to ìṣirò: pé kì í ṣe irọ́ náà, pé bí ọtí bá pọ́ọ́kú ní Eyemouth, Dod ì bá ti fẹsẹ̀ rìn lọ rà á, kò ní nílò bọ́ọ̀sì. Òun gan-an kò gbà á gbọ́. Mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ pé rárá. Mo bi í bóyá á mu tíì.

Ọjọ́ Ajé, 21 oṣù Kẹwàá

Dod jẹ ẹyin méjì. Ọjọ́ kọkànlá láìmu ọtí. N ò lè fi yangàn fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀, 24 oṣù Kẹwàá

Ọkọ̀ aago mẹ́wàá. Bella jókòó lẹ́yìn mi gan-an, ó tan rédíò lórí fóònù, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo ọkọ̀ lè gbọ́.

Gbohùngbohùn sọ tirẹ̀. Kò dárúkọ, ó pa àdéhùn mọ́. Ó sọ ọ́ dáadáa, àní ohùn rẹ̀ gbọ̀n nígbà tó dé orí gìrì. Olóòtú wá kọjú sí Elspeth, ó ní kí ló fẹ́ sọ sí i.

Ó dákẹ́. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Bó ṣe ń dákẹ́ nìyẹn kó tó tún owó mi ṣírò.

Ó ní, “Mo mọ ọkùnrin náà. Àbúrò mi ni. Owó ọtí tó wọ́n ló fà á. A ṣòfin, a ò sì ṣètò kankan fún irú wọn.”

Ẹnì kan wá kígbe lẹ́yìn: “Ẹ gbọ́! Àwọn fúnra wọn ti jẹ́wọ́!” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n ní òfin náà ti kú nìyẹn. Wọ́n ní wọ́n á lé obìnrin yẹn níbi iṣẹ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Bella na ọwọ́ wá, ó fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ń sunkún. “Ọmọ gidi lo bí, Wat. Kò sí ẹlòmíì tó lè jókòó síbẹ̀ kó sọ òótọ́ bẹ́ẹ̀.”

Mo ní wọn kì í bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ.